Páálí Òròmọdìyẹ

Èébú ni Mùnírátù fi kí Àdìsá lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé ní pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin, lọ́dún 1991. Mùnírátù tó ń sin adìyẹ lábúlé ṣí páálí òròmọdìyẹ tí wọ́n kó wá fún un láti Èkó, ó sì bá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní òkú. Ó béèrè ẹni tó wa bàálù náà. Wọ́n tọ́ka sí ọ̀dọ́kùnrin gíga kan tó ń mu fúrá lábẹ́ ìyẹ́ bàálù ẹrù kékeré kan.

"Ìwọ lo pa wọ́n?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Kùrukùru pọ̀, òkè réré ni mo gbà. Òtútù ibẹ̀ ló pa wọ́n."

"Aláìláàánú! Kí ló dé tí òtútù ò pa ìwọ náà?"

"Mo wọ súwẹ́tà."

Inú túbọ̀ bí Mùnírátù. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí ọ̀kadà tó ń gbé e padà sí abúlé, ó bá ara rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, ó sì bínú sí ẹ̀rín náà.

Àdìsá fúnra rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀ lábúlé. Bàbá Mùnírátù, àgbẹ̀ ọlọ́kà bàbà, kò tíì rí awabàálù jókòó lórí ẹní òun rí. Àlejò náà sọ fún wọn bí odò Asà ṣe ń rí láti òkè, bí okùn tí ẹnìkan gbàgbé sílẹ̀. Hàlímọ̀tù, ìyá Mùnírátù, ní àlùbáríkà ti wọlé. Kò pẹ́ tí Àdìsá fi ń pe Mùnírátù ní Àṣàkẹ́ mi, tí òun náà fi ń sáré jáde láti inú ọgbà adìyẹ nígbàkígbà tó bá gbọ́ ìró bàálù. Ìfẹ́ wọ̀ ọ́ lára. Àwọn òbí méjèèjì mú ọjọ́ tí ẹbí Àdìsá máa wá tọrọ rẹ̀.

Ni ọyẹ́ bá dé. Láàárín ọyẹ́ yìí ni Àdìsá tún kó òròmọdìyẹ wá fún un, ọ̀kan ò kú nínú wọn. Inú Mùnírátù dùn dé ẹ̀yìn. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ láti gbé páálí ló rí ẹ̀ka máńgòrò tútù tó há sí táyà bàálù náà.

"Àdìsá, níbo lèyí ti wá?"

Àdìsá ń wo ilẹ̀. "Ìsàlẹ̀ ni mo ń fò kí òtútù má baà mú wọn. Ọyẹ́ ò jẹ́ kí n tètè rí igi náà."

"Nítorí adìyẹ?"

"Nítorí ẹ, olólùfẹ́ mi. Mi ò fẹ́ kí inú tún bí ẹ."

Mùnírátù fa ẹ̀ka náà yọ, ó sì fi nà án léjìká títí ewé rẹ̀ fi já tán. "Ta ló rán ẹ? Tí o bá kú, ṣé òròmọdìyẹ ni màá fẹ́?"

Ó délé, ó ní kí wọ́n má gba ẹbí Àdìsá láàyè mọ́. Ìyá rẹ̀ pariwo.

"Wallahi, orí ẹ ti dàrú! Ọkùnrin fi ẹ̀mí ara ẹ̀ wewu nítorí ẹ, o ní o ò fẹ́?"

"Ohun tí mi ò ṣe fẹ́ nìyẹn, Ìyá."

"Kàdárà ni," bàbá rẹ̀ wí.

"Bàbá, kàdárà kọ́ ló ń wa bàálù."

Àdìsá wá, wá, wá. Mùnírátù ò yọjú sí i. Ó kàn ku òròmọdìyẹ tí Mùnírátù ti ní kí Àdìsá kó wá fún òun kí ìjà tó dé. Lọ́jọ́ tí ó yẹ kí wọ́n dé, ọyẹ́ bo Ìlọrin débi pé ẹni tó dúró ní pápákọ̀ ò rí òpin rẹ̀. Mùnírátù lọ dúró dè wọ́n níbẹ̀. Àárọ̀ kọjá, bàálù ò dé. Wọ́n kí ìrun àìlà, kò dé. Àwọn alábàárù ò ṣàwàdà mọ́. Mùnírátù bínú sí ọyẹ́, ó bínú sí Àdìsá, ó wá bínú sí ara rẹ̀ tó lọ fẹ́ràn olóríkunkun. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Ọyẹ́ ti ń ká nígbà tí làásàrí kù díẹ̀. Bàálù náà balẹ̀. Táyà ni Mùnírátù kọ́kọ́ wò. Kò sí ewé kankan níbẹ̀.

Àdìsá gbé páálí sọ̀ kalẹ̀, ó doríkodò. "Mo ti dé òkè Ìlọrin láàárọ̀, mi ò rílẹ̀. Mo padà lọ dúró n'Íbàdàn. Ooru inú bàálù pa gbogbo wọn níbẹ̀, Àṣàkẹ́. Ọ̀gá mi ti bú mi. Ó yá, ìwọ náà bú mi."

Mùnírátù ṣí páálí, ó wo àwọn òkú náà pẹ́, ó pa á dé.

"Aláìláàánú! O jẹ́ kí n dúró láti àárọ̀!"

"Jọ̀ọ́, má bínú."

"Màá bínú! Títí a ó fi darúgbó ni màá máa bínú sí ẹ. Gbé páálí yẹn, à ń lọ bá bàbá mi."

"Òkú adìyẹ ni kí n gbé lọ bá bàbá ẹ?"

"Gbé e. Mo fẹ́ kí wọ́n rí nǹkan tí o fi tọrọ mi."

Àdìsá gbé páálí náà lérí, ó tẹ̀ lé e.