Ohun Tó Wà Nínú Ìgò Adélékè

Ọ̀rẹ́ mi, fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ Adélékè, alábàárù ọjà Àlàbá, ẹni tí í ru fíríìjì bí ẹni ru agbọ̀n òwú.

Ní ọdún 1991, páálí tẹlifíṣọ̀n já bọ́ láti orí ọkọ̀ akẹ́rù, ó bà á ní àtàrí. Ó dákú. Nígbà tó jí, òṣùká rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá, ó ní kò sí nǹkan. Alábàárù wo ni yóò jẹ́wọ́ pé orí ń fọ́ òun? Ta ni yóò tún gbé ẹrù lé e lórí?

Láti ọjọ́ náà ni ayé ti sú u. Yóò rẹ́rìn-ín láàárọ̀, yóò sunkún lọ́sàn-án, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a wí. Nígbà mìíràn, ìbínú a dé, a sì fọ́ abọ́ ìyàwó rẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹnì kan fún un ní oògùn ikọ́ oníkodíìnì pé yóò mú ẹ̀fọ́rí náà lọ. Lóòótọ́, orí fúyẹ́, ọkàn rọ̀. Ìgò kan di méjì, méjì di mẹ́rin, títí kò fi lè dìde lórí ẹní láìmu ún.

Florence ìyàwó rẹ̀ mú un lọ sí ìjọ aláṣọ funfun ní Ìbà. Wọ́n po oyin mọ́ omi, wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n ní kó máa mu ún láràárọ̀. Adélékè da omi náà nù sẹ́yìn ilé, ó rọ oògùn ikọ́ rẹ̀ sínú ìgò omi àdúrà náà. Bó bá ti mu ún, ara rẹ̀ a balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ni Florence bá jẹ́rìí nínú ìjọ pé omi àdúrà ti wo ọkọ òun sàn. Adélékè jókòó, ó ń bá wọn pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ kan, ikọ́ ń yọ Abọ́lá lẹ́nu, ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá rẹ̀ bu omi àdúrà fún un láti inú ìgò bàbá rẹ̀, ife kan. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ọmọ ti sùn, kò ṣeé jí. Ètè rẹ̀ ń dúdú.

Isaac, ọ̀rẹ́ Adélékè tí í tún rédíò ṣe níwájú ilé wọn, ló gbé ọmọ náà kọ́ èjìká, tí wọ́n fi sáré dé ilé ìwòsàn kan ní Ọ̀kọ́kọ́máìkò. Nọ́ọ̀sì bèèrè ohun tí ọmọ mu.

"Omi àdúrà nìkan ni, mà," Florence dáhùn.

Ẹnu Adélékè wúwo ju fíríìjì lọ. Bó bá sọ ọ́, ìyàwó, ìjọ, gbogbo ọjà ni yóò gbọ́. Isaac ti ń gbóòórùn oògùn náà lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́. Ó sún mọ́ ọn.

"Lékè, Jésù mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn, ó sì kú fún ẹ síbẹ̀. Sọ ọ́, kí ọmọ yìí má bàa kú."

Adélékè kúnlẹ̀. "Oògùn ikọ́ ni. Èmi ni mo rọ ọ́ síbẹ̀. Jésù, ṣàánú mi."

Àwọn nọ́ọ̀sì dìde sí iṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, Abọ́lá lajú, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Omi ẹ̀rọ ni Florence bu fún un.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni kò fi bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Dókítà ní ọgbẹ́ inú orí ọjọ́sí ló ń da ọkàn Adélékè rú, pé àìsàn ni, ó ní ìtọ́jú. Adélékè gbọ̀n, ó bì, bí oògùn ikọ́ náà ti ń kúrò lára rẹ̀, Isaac sì ń gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Títí dòní, ìbànújẹ́ ṣì máa ń yà sọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi pa mọ́ mọ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Kí ló wà nínú ìgò tìrẹ, tí ilé ń pè ní omi àdúrà? Ṣé ó di ìgbà tí ọmọ rẹ bá mu níbẹ̀? Jésù ti mọ̀ ọ́n, kò sì sá fún ọ. Níbi tí o jókòó sí yìí, kí o tó ká ìwé yìí sápò, sọ ọ́ fún un.