Omi Ẹsẹ̀ Ẹni Kejìlá

Mo gbé ọwọ́ lé Ìwé Mímọ́, mo sì búra pé ìtàn yìí kò ní gùn. Ẹni tó bá ti gbé ìkòkò ka iná kò gbọdọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ nítorí mi; kó tó hó, n ó ti parí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ ọdún tó kọjá, nínú ìjọ kékeré kan ní Ibafo, omi inú bàsíà ṣe ohun tí omi kì í ṣe.

Lọ́jọ́ náà, wọn a máa wẹ ẹsẹ̀ àwọn méjìlá, gẹ́gẹ́ bí Olúwa ti ṣe fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ará Ibafo kì í fẹ́ kí ayé rí ìdọ̀tí òun. Kálukú ti fi kànìnkànìn ha gìgísẹ̀ nílé, ó ti fi ọṣẹ olóòórùn fọ àlàfo ìka, ẹlòmíràn tilẹ̀ ti fi ìpara kùn ún. Nígbà tí wọ́n bá fi máa jókòó, kò sí nǹkan kan tó kù fún Jésù láti wẹ̀.

Ọmọ́títí aránṣọ ni wọ́n yàn láti wẹ ẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Mọ́fẹ́yìsára, kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnura, ó ń nu ẹsẹ̀ tó bá ti jáde nínú omi. Ọdún mẹ́jọ ni àwọn méjèèjì ti jọ ń wàásù láti ilé dé ilé. Bí ajá bá lé ọ̀kan, èkejì ló ń bá a mú Bíbélì.

Omi ẹni kìíní mọ́. Ti ẹni kọkànlá mọ́. Ẹni kejìlá ni Díákónì Ọlágòkè, ẹni tó kọ́ Ọmọ́títí ní àdúrà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́, tó sì dúró tì í nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé ilẹ̀ Ọmọ́títí wà, nítorí nínú yàrá tí obìnrin náà háyà, òjò kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni, ní Magboro. Ó ti kọ́ yàrá kan síbẹ̀, ó sì ti kan òrùlé; ọjọ́ Ajé Àjíǹde ló fẹ́ kó wọ ibẹ̀. Rírán aṣọ ọdún fún àwọn èèyàn ni kò jẹ́ kó dé ibẹ̀ láti bí oṣù méjì.

Ó gbé ẹsẹ̀ Díákónì sínú omi. Omi náà pọ́n. Amọ̀ pupa ń jáde lára ẹsẹ̀ tó mọ́ bí àwo. Wọ́n da omi náà nù, wọ́n bu òmíràn. Ó tún pọ́n. Lẹ́ẹ̀kẹta, nǹkan kan gún Ọmọ́títí ní àtẹ́lẹwọ́. Ó gbé e sókè wò: èèpo ẹ̀kùrọ́. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ẹ̀kùrọ́ láyé àtijọ́ ni ilẹ̀ rẹ̀ ní Magboro. Kò mọ ilẹ̀ mìíràn tí èèpo pọ̀ nínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ìyá Ìbùkún," Díákónì sọ wúyẹ́wúyẹ́ fún Ọmọ́títí, láì wo ojú rẹ̀, "ó tó. Omi yín ni kò dáa."

"Omi kan náà ni gbogbo wọn fi wẹ̀, sà."

Àwọn akọrin gbé orin sókè. Ìjọ yẹn kì í fi orin falẹ̀ nígbà tí nǹkan bá ń bàjẹ́.

Ní òwúrọ̀ Ẹtì Rere, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì gba Magboro lọ. Ògiri tuntun ti yí ilẹ̀ náà ká, géètì dúdú wà níbẹ̀ pẹ̀lú àgádágodo tó tó orí ọmọ tuntun. Ẹnìkan ti fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà. Lóòótọ́ ni, wọ́n ti tà á tán.

Bíríkìlà kan tó ń fọ ṣọ́bìrì sọ pé ìyáàfin kan ló gbé iṣẹ́ fún ọ̀gá òun, òun kò rí i rí.

Mọ́fẹ́yìsára jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó sunkún ju onílẹ̀ lọ. "Ọ̀rẹ́ mi, ta ló ṣe irú èyí sí wa?" Ọmọ́títí ló wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, Ọ̀ṣuntóyìn, ìyàwó Díákónì, tẹ Ọmọ́títí láago. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé bàsíà yẹn wá."

Díákónì wà lórí ibùsùn. Aṣọ ibùsùn ti pọ́n dé àárín. Amọ̀ ń kán láti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, tó, tó, tó. Gbogbo yàrá ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Ọmọ́títí dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó rántí pé Jésù wẹ ẹsẹ̀ Júdásì náà. Ó sì tún rántí pé Júdásì kò ta ilẹ̀ Jésù ní Magboro. Ó pẹ́ díẹ̀ lórí èrò kejì yìí. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ Díákónì sínú omi bàsíà.

"Mo tà á," Díákónì wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mo mọ̀ pé tìrẹ ni, mo sì tà á."

Bó ti sọ ọ́ tán, omi mọ́ kedere, bí ẹni pé wọn kò wẹ nǹkan kan nínú rẹ̀ rí.

"Ta lẹ tà á fún, sà?"

Díákónì di ojú. "Ẹni tó bá ọ nu ẹsẹ̀ mi."

Ní òwúrọ̀ Àjíǹde, Mọ́fẹ́yìsára ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ìjọ, nínú aṣọ funfun, ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́, ó ń dì mọ́ gbogbo ẹni tó ń wọlé. Nígbà tí Ọmọ́títí fi dé pẹ̀lú bàsíà omi rẹ̀, ìjọ ti kún. Ó wo inú. Gbogbo wọn ló wọ funfun, gbogbo wọn ló kọjú sí pẹpẹ, àmì ọwọ́ pupa kan sì wà lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìka márùn-ún pé. Kò sí ẹni tó tíì rí ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Mọ́fẹ́yìsára la apá. "Ọ̀rẹ́ mi, ó jíǹde!"

"Bọ́ ìbọ̀wọ́ ẹ," Ọmọ́títí wí jẹ́jẹ́.

Ó bọ́ ọ. Ilẹ̀ ya jáde láti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, pupa, tòun ti èèpo ẹ̀kùrọ́, ó ń dà ṣàà sórí àtẹ̀gùn. Ọmọ́títí gbé bàsíà sí abẹ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì di ọwọ́ méjèèjì mú nínú omi.

"Sọ ọ́, Mọ́fẹ́. Ìwọ ṣáà sọ ọ́, á dá."

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa ilẹ̀ kankan."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Àkùkọ tí ì bá kọ ti wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ ọdún, nítorí náà gbogbo àdúgbò pa rọ́rọ́.

Mọ́fẹ́yìsára já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó sá lọ sí Magboro, ó ti géètì mọ́ra. Láti ìgbà náà, kò tíì jáde.

Ọmọ́títí ṣì wà nínú yàrá tí òjò ń wọ̀. Díákónì ti jẹ́wọ́ níwájú ìjọ, ó sì ń bá a lọ sí kóòtù, ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹjọ́ ilẹ̀: ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ló ń gbọ́ ìdájọ́ rẹ̀. Ní Àbámẹ́ta kọ̀ọ̀kan, Ọmọ́títí máa ń gbé omi lọ kan géètì náà.

"Sọ ọ́, ọ̀rẹ́ mi."

"Mi ò mọ nǹkan kan."

Lẹ́yìn ohùn náà, yóò gbọ́ tí ilẹ̀ ń dà ṣàà, bí ìgbà tí èèyàn ń da yanrìn. Ní oṣù àkọ́kọ́, ojú fèrèsé ni ohùn náà ti ń wá. Nígbà tó yá, abẹ́ géètì ni. Ní Àbámẹ́ta tó kọjá, Ọmọ́títí fi etí lélẹ̀ kó tó gbọ́ ọ. Ohùn náà wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, nísàlẹ̀ réré, ó sì ń sọ ohun kan náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ìgbìmọ̀ ìjọ ti jókòó lé e lórí, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé epo pupa ló ta sí àwọn ará láṣọ lọ́jọ́ Àjíǹde. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé mo sọ ohun mìíràn.