Ìṣẹ́jú Méjì Gbémi Lókè Ìṣẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó wá sí Ìṣẹ́ Èkìtì wá bi mí. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe wọ́n-ní-wọ́n-pé. Ó ṣojú mi. Ó ṣojú ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n tí mò ń kọ́ ní kíláàsì kẹrin. Bọ́lánlé Ajíbóyè ni orúkọ mi, ìlú sì mọ̀ pé n kì í purọ́.

Ọ̀rọ̀ Gbémi Akínpẹ̀lú ni. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìṣirò nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tó ní òun fẹ́ máa wa bàálù, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ Ìṣẹ́ ni. Kò sí ibi tí kò lè dé."

Ó sì dé ibẹ̀. Bàálù kékeré oníjókòó mẹ́fà tí oníṣòwò kan ní Èkó ní, òun ló ń wà á. Tó bá máa gba òkè wa kọjá, á kọ́kọ́ fóònù mi. "Mà, ẹ mú àwọn ọmọ jáde. Mò ń kọjá bọ̀ lọ́sàn-án." A ó jáde, a ó máa juwọ́. Àwọn ọlọ́kadà pàápàá á dúró wòkè. Gbogbo ìlú mọ̀ pé tiwa ni.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan nínú oṣù Keje ọdún tó kọjá, kò fóònù.

Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Kùrukùru bo gbogbo ayé. Láti ojú fèrèsé, a ò rí ọ̀nà Emùré mọ́. Aago kan ọ̀sán ti kọjá díẹ̀. Mò ń kọ nǹkan sójú pátákó nígbà tí ariwo òjò lórí páànù dákẹ́ lójijì.

Òjò kò dá o. Mo ṣì ń rí i tó ń rọ̀. Ariwo rẹ̀ ni mi ò gbọ́ mọ́.

Mo yíjú. Gbémi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀, ìlà aláwọ̀ wúrà mẹ́ta wà léjìká rẹ̀. Ẹ̀kán omi kan kò sí lára rẹ̀.

"Gbémi? Ìgbà wo lo dé?"

"Ẹ káàsán, Mà. Ẹ kó wọn jáde."

"Nínú òjò yìí?"

"Báyìí, Mà. Ẹ gba ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Kò pariwo. Ohùn ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Èmi tí mo kọ́ ọ, mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Àwọn ọmọ tò jáde. Wọ́n ń kọjá lára rẹ̀, wọ́n ń kí i. Adéṣọlá, tó kéré jù nínú wọn, di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọwọ́ náà tutù bí omi yìnyín. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

A dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ariwo òjò padà. Ariwo mìíràn wà nínú rẹ̀. Ó ń húkọ́, ó ń dákẹ́, ó tún ń húkọ́. Bàálù náà já jáde nínú kùrukùru, ó ti wálẹ̀ jù. Apá rẹ̀ kan gbá òrùlé kíláàsì wa, ó ká a lọ. Ó sọdá, ó ya wọ oko kòkó. Ilẹ̀ mì tìtì.

Lẹ́yìn ìyẹn, òjò nìkan.

"Mà," Tóbi sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "àǹtí yẹn ńkọ́? Ṣé wọn ò sí nínú kíláàsì?"

Mo sáré padà. Kò sẹ́nì kankan lábẹ́ àwọn igi òrùlé tó wó. Inú oko kòkó la ti rí i, èmi àti àwọn àgbẹ̀ tó sáré wá. Ó wà lórí ìjókòó rẹ̀, ó de bẹ́líìtì ṣinṣin, òun nìkan. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lórí ohun tó fi ń darí bàálù. Ó ti kú.

Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn tó ń ṣèwádìí dé. Ọ̀gbẹ́ni Olúwaṣọlá ló ṣáájú wọn. Mo ròyìn fún un. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ẹ́ńjìnnì ló kú nínú ojú ọjọ́ burúkú yẹn. Gbémi ti sọ fáwọn tó wà ní pápákọ̀ òfuurufú pé òun á yà á kúrò lórí ọjà Ìṣẹ́, torí ọjọ́ ọjà ni. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ìṣẹ́jú méjì gbáko. Wọ́n pè é, pè é. Ohùn rẹ̀ padà wá: "Mo ti padà dé." Kò yé wọn. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

"Aago mélòó ló wọ kíláàsì yín?"

Mo sọ fún un. Ó wo àkókò tó kọ sínú ìwé rẹ̀: ìṣẹ́jú méjì yẹn gan-an ni. Ó dé bíírò rẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ fún mi ní ìwé ẹ̀yẹ, pé mo gba ẹ̀mí àwọn ọmọ là. Mo kọ̀. Mo ní orúkọ Gbémi ni kí wọ́n kọ síbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ bá Baba Akínpẹ̀lú.

Baba kà á. Ó gbé e lé itan.

"Bọ́lánlé, nígbà tó dúró níwájú rẹ, ṣé ẹ̀rù ń bà á?"

"Rárá, Baba. Ó dúró ṣánṣán."

"Ó kí ọ?"

"Ó kí mi, sà."

Baba dìde. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, àmọ́ orí rẹ̀ wà lókè. "Ọmọ ulé yìí ni," ó wí, bí ẹni pé gbogbo Ìṣẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹ gbọ́? Ọmọ ulé yìí ni."

Ohun kan ṣì wà tí mi ò tíì sọ fún Baba. Ọ̀gbẹ́ni Olúwaṣọlá ní ẹ̀rọ tó wà nínú bàálù náà fi hàn pé kò ṣáko láàárín ìṣẹ́jú méjì yẹn. Ó rọra yà kúrò lórí ọjà. Ó yẹra fún ilé ìwòsàn. Ó ní ọwọ́ tó mọṣẹ́ gan-an ló ń darí rẹ̀.

Gbémi sì wà lọ́dọ̀ mi.

Ta ló wá ń wa bàálù náà?