Ta Ló Ni Tòló?

Lambrini jí ní kùtùkùtù. Òní lọjọ́ ẹran ọ̀sìn nílé ìwé wọn létí òkun!

Ó ń rìn lọ, ẹyẹ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ẹyẹ ńlá ni, ó sì ń pariwo.

"Tòló-tòló-tòló!"

Stamata ló ń ṣọ́ géètì. "Ẹran ìlú wa nìkan ló ń wọlé," ló wí. "Galopúla nìyẹn lédè wa. Ṣé o gbọ́? Ẹyẹ Faransé! Àlejò ni. Mú un padà sílé!"

"Irọ́ lò ń pa! Inú agbọ̀n Màmá àgbà ló ti jáde nínú ẹyin. Ojú mi ló ṣe!"

"Orúkọ rẹ̀ ti tú àṣírí rẹ̀," Stamata yọ ṣùtì sí i.

Pà, pà, pà! Lambrini sáré lọ sí èbúté. Bàbá kan tó jẹ́ ará Faransé jókòó nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé tiyín ni ẹyẹ yìí?"

"Tiwa kẹ̀? Rárá o! Lédè tiwa, ẹyẹ Íńdíà là ń pè é."

"Tòló-tòló!" Inú ti ń bí ẹyẹ.

Bàbá Gẹ̀ẹ́sì kan nítòsí ń kun ọkọ̀ tirẹ̀ lọ́dà. "Tọ́kì làwa ń pè é," ló wí. "Ẹyẹ ilẹ̀ Tọ́kì ni."

Ẹ ò rí nǹkan!

Ìyá Nermin, ará Tọ́kì, gbọ́. Ó yọrí jáde látinú ọkọ̀ tirẹ̀. "Haà! Ẹ má dì í rù wá o! Híńdì làwa ń pè é. Ti Íńdíà ni!"

Gbì! Lambrini fẹsẹ̀ janlẹ̀.

"Ó tó! Kálukú ń tì í sílé ẹlòmíì. Kò sẹ́ni tó ní òun ló ni ín. Ó dáa. Èmi ni mo ni ín!"

Pà, pà, pà! Wọ́n padà sí géètì.

"Galopúla, padà sílé!" Stamata ya ẹsẹ̀, ó dí ọ̀nà.

"Mi ò lọ! Òun náà ò lọ! Àní a ò lọ!"

Tíṣà gbọ́ ariwo, ó jáde tòun ti ìwé lọ́wọ́. "Kí ló dé?"

"Tíṣà, àwọn èèyàn ló ń sọ ọ́ lórúkọ kiri. Kò sẹ́ni tó bi òun fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bi í!"

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹyẹ, kí lorúkọ ẹ?"

Ẹyẹ na ọrùn. Ó fẹ̀. Ó ya ìrù bí abẹ̀bẹ̀.

"TÒLÓ-TÒLÓ-TÒLÓ!"

"Tòló," Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀. "Ìlú ẹ ńkọ́?"

Tòló gba àárín ẹsẹ̀ Stamata kọjá, ó wọlé lọ fàà.

Stamata bú sẹ́rìn-ín. Lambrini náà bú sẹ́rìn-ín.

"Ibí," ni Tíṣà kọ.