Òjò Tí Wọ́n Ní Ìyá Àtọ́kẹ́ Pè

Nígbà tí Akínbọ́lá fi sáré dé ojúde, wọ́n ti wọ́ Ìyá Àtọ́kẹ́, opó kan, sínú ẹrẹ̀. Gèlè opó náà ti bọ́, etí rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹnì kan sì ń fi pátákó lu ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn géńdé tó ń mọ búlọ́ọ̀kù fún ìjọ aláṣọ funfun ní Ìgandò ló yí i ká. Òjò àárọ̀ ọjọ́ náà ti sọ gbogbo búlọ́ọ̀kù wọn di yanrìn.

"Ìwọ lo pe òjò yìí," ni Simeon, ọ̀gá wọn, ń wí fún ẹni tó lè bí i lọ́mọ. "Bí kì í bá ṣe ìwọ, ta ló ní kó o kó láfún rẹ wọlé lánàá, nígbà tí oòrùn ń ràn?"

Akínbọ́lá mọ ẹni tó sọ fún un.

Kíláàsì karùn-ún girama ni Akínbọ́lá fúnra rẹ̀ wà, orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìyìn ju oúnjẹ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Ọláfimíhàn, tísà jọ́gíráfì wọn, ti ṣàlàyé pé àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún fi hàn pé òjò sábà máa ń dáwọ́ díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Ó sì fi kún un pé ìyẹn kò ní kí òjò má rọ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ti ọ̀la, kó gbọ́ rédíò. Ibi tó dùn nínú ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni Akínbọ́lá gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dìde láàárín ìjọ, ó ní òun ríran pé òjò kò ní kán sílẹ̀ títí oṣù kẹjọ yóò fi parí.

Nínú irú ìjọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ríran kì í ṣe ọmọdé mọ́. Àwọn àgbà ní kí wọ́n mọ búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n má wulẹ̀ wá ọ̀rá tí wọn yóò fi bò ó. Oòrùn ràn lọ́jọ́ díẹ̀, wọ́n sì sọ ọmọkùnrin náà di Wòlíì.

Lánàá ni Tòún, àbúrò rẹ̀, gbọ́ lórí rédíò pé òjò ńlá yóò rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó sọ fún Ìyá Àtọ́kẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò kan náà, ìyá náà sì kó láfún rẹ̀ wọlé. Tòún fẹ́ lọ sọ fún àwọn oníbúlọ́ọ̀kù náà, ṣùgbọ́n Akínbọ́lá lé e padà. Ojú ń tì í láti yí ìran padà.

Olúsànyà, ọ̀rẹ́ rẹ̀, di apá rẹ̀ mú láàárín èrò. "Dákẹ́ ṣá. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ."

Ó dákẹ́. Kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó tó kí Simeon tẹ ọwọ́ ìyá náà mọ́lẹ̀, kó sì la irin mọ́ ọn. Egungun fọ́. Ẹnì kan ní kí wọ́n lọ wá táyà àti kẹrosíìnì.

Ibẹ̀ ni ara Akínbọ́lá kò ti gbà á mọ́. Ó bọ́ sáàárín wọn, ó dùbúlẹ̀ lé ìyá náà lórí.

"Bọ̀ọ̀dá Simeon, irọ́ ni mo pa. Mi ò ríran kankan. Rédíò ló sọ pé òjò máa rọ̀, Tòún ló sọ fún Màmá. Mo gbọ́, mo sì fi pa mọ́ fún yín."

Pátákó náà wá yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n lù ú títí eyín iwájú rẹ̀ fi yọ, títí àwọn àgbà ìjọ fi dé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún bèèrè táyà mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìmọ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ń sọ bí ìgbà ṣe máa ń rí, kò lè búra fún ọ̀la. Ìròyìn ojú ọjọ́ lè sọ ti ọ̀la, kò lè sọ ti ọdún. Ẹni tó bá fi ọ̀kan ṣe èkejì nítorí ìyìn, tó sì kọ̀ láti tètè jẹ́wọ́, ẹlòmíràn ni yóò jìyà rẹ̀.

Nígbà tí Akínbọ́lá lọ kí Ìyá Àtọ́kẹ́ ní ilé ìwòsàn, ìyá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó gba ẹ̀mí òun là. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ dì.

"Nígbà tí wọ́n ń fọ́ èyí, ọmọ mi, ṣé o ti dé?"

Akínbọ́lá ní òun ti dé.