Ẹní Tó Wà Lẹ́sẹ̀ Ibùsùn

Ọmọ náà sùn lọ́sàn-án tí òjò ń rọ̀, kò sì jí mọ́. Ibà ò ṣe é, kò wúkọ́, kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn ni. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ ti fi àgékù aṣọ àwọn oníbàárà rán bùbá aláràbarà fún un, bó bá sì ti wọ̀ ọ́ jáde, ẹ̀rín ò ní tán nínú ilé.

Lójú àwọn ará àdúgbò, ọ̀rọ̀ náà ò le rárá. Òwìwí ti ké lórí òrùlé wọn. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ìyá télọ̀ nìkan ni arúgbó inú ilé, orí rẹ̀ ni wọ́n sì gbé e lé. Ẹnu wọn kì í sinmi, àfi tí wọ́n bá ń jẹun.

Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló bu epo síná. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ti ibi tó gbé aṣọ oníbàárà lọ dé, télọ̀ ní, "Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà. Ọ̀dọ̀ Màmá ni mo gbé e sí."

Màmá gbọ́. Ó la ẹnu, ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó tún pa ẹnu dé. Lọ́jọ́ náà ni télọ̀ tẹ́ ẹní sí ẹsẹ̀ ibùsùn, ó ní ibẹ̀ lòun á ti máa ṣọ̀fọ̀, kẹ́nikẹ́ni má ká a.

"Màmá, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?" Ojoojúmọ́ ni ìyàwó ń bi í. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fomi wẹ̀ ẹ́."

"Ìyàwó mi, mi ò pa ọmọ wa."

"Ta ló wá pa á?"

Màmá yíjú sí télọ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, télọ̀ di ẹrù ìyá rẹ̀, ó gbé e síta lójú gbogbo ayé. "Ẹ máa lọ sílé ẹ̀gbọ́n yín. Mi ò lè bá àjẹ́ gbélé."

Ọmọ tí ìyá pọ̀n títí tí ẹ̀yìn fi ń ro ó, tí ìyá ta aṣọ ara rẹ̀ kí ọmọ lè kọ́ṣẹ́, òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó dun arúgbó náà wọra. Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ìyàwó wọlé lọ gbálẹ̀. Ó ká ẹní náà. Ihò mẹ́ta wà lára kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà, iná ló jó wọn. Ó mọ ohun tó fẹsẹ̀ mẹ́ta dúró bẹ́ẹ̀: ìkòkò irin tí wọ́n fi ń dáná èédú áyọ́ọ̀nù. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti kọ́ṣẹ́, ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá sì fún wọn ni pé a kì í tilẹ̀kùn mọ́ èédú tó ń jó. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í rùn, ó sì ń pa ẹni tó bá sùn tì í.

"Ibí lo ti lọ aṣọ," ó sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Òjò ń wọ ṣọ́ọ̀bù." Télọ̀ fọwọ́ bo àwọn ihò náà. "Mo ti fèrèsé kí aṣọ oníbàárà má tutù. Mo gbàgbé pé ó ń sùn."

"O wá ní Màmá ni."



Ìyàwó sáré bá arúgbó náà lójú ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹ mọ̀, Màmá?"

"Mo rí i látinú ilé ìdáná nígbà tó ń da èédú náà sínú òjò."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

Màmá sọ ẹrù kalẹ̀. "Ọmọ mi ni. Mo ń dúró kó rántí pé èmi náà, ìyá rẹ̀ ni mí."