Ìwé Ìdánwò Tó Bá Àkàrà Jáde

"Rọra yí i, Mùjíbátù. Kì í ṣe ọlọ o!"

Tíṣà Ajíbádé ló ń sọ̀rọ̀, nínú yàrá kékeré kan ní ilé ẹ̀kọ́ mọ́dà, èyí tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Erúnmu, lọ́dún 1963. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun ni òun àti Mùjíbátù, ọmọ kíláàsì Kẹta, dúró tì. Kò tíì sẹ́ni tó lò ó rí. Wọ́n ti da tàdáwà sí i, wọ́n sì ti fi ìwé onída bò ó lára. Tíṣà ti fi táìpù lu ìbéèrè ìdánwò ìṣirò kíláàsì Kìíní sára ìwé yìí, ojú ihò lẹ́tà ni tàdáwà yóò gbà bọ́ sórí bébà.

Mùjíbátù yí ọwọ́ ẹ̀rọ. Bébà àkọ́kọ́ jáde, ó funfun báláú. Ìkejì ṣe bàìbàì. Ìkẹta dúdú bí ìdí ìkòkò. Tíṣà tún ibí ṣe, ó tún ọ̀hún ṣe, ó tó bíi ogún bébà kí lẹ́tà tó hàn ketekete. Inú Mùjíbátù dùn, ó pàtẹ́wọ́.

"Kó àwọn tó bàjẹ́ lọ sun," ni Tíṣà wí. "Kó má ku ẹyọ kan. O mọ̀ pé mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kí wọ́n lè gbà ọ́."

"Mo gbọ́, sà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nílé wọn, ta ní í sun bébà? Àbíkẹ́ ìyá rẹ̀ ń dín àkàrà, àwọn oníbàárà sì fẹ́ràn àkàrà inú bébà ju ti inú ewé lọ. Mùjíbátù sun àwọn tó ṣeé kà, ó kó àwọn tó dúdú fún ìyá rẹ̀. Ọgbọ́n ló pè é.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, ó bá Gàfárù àbúrò rẹ̀, ọmọ kíláàsì Kìíní, lẹ́yìn ilé. Gàfárù gbé bébà àkàrà kan sókè sí oòrùn. Òróró ti mú bébà náà mọ́ gaara, ìbéèrè tí tàdáwà bò sì ti ń hàn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó! Mo ti rí mẹ́fà. Sàníù ọ̀rẹ́ mi náà ti rí mẹ́ta nínú bébà àkàrà tiẹ̀."

Mùjíbátù nawọ́ sí bébà náà. "Mú un wá!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Tíṣà. Mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan. Bàbá ní bí mo bá tún ṣe é, oko ló kàn. Ta ni yóò mọ̀?"

Ìbéèrè náà dun Mùjíbátù, nítorí òótọ́ ni, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Bí ó bá sọ, lẹ́tà tirẹ̀ lọ, àbúrò rẹ̀ sì lè dèrò oko. Ó lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí agbada, ó rò fún un.

Àbíkẹ́ gbé ìpàkùtẹ̀ tó fi ń kó àkàrà nínú òróró sílẹ̀. "Èmi ò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ àmánà. Ohun tí wọ́n bá ní kéèyàn tọ́jú, kì í fi ṣe tirẹ̀. Dìde, kí o lọ bá a."

Tíṣà ń mu tíì nígbà tí Mùjíbátù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Sà, mi ò sun gbogbo rẹ̀."

Nígbà tó sọ tán, Tíṣà kò bú u. Ó kàn gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó sì lọ lu ìbéèrè tuntun. Jìmí, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn níbẹ̀, ló pè wá yí ẹ̀rọ. Mùjíbátù padà sílé, ó kọ́ Gàfárù ní ìṣirò títí wọ́n fi pe ìrun àṣálẹ́. Ọmọ náà ń kùn, àmọ́ ó yege, bó tilẹ̀ jẹ́ pé máàkì méjì ló fi là á.

Lẹ́yìn ìdánwò, Tíṣà pe Mùjíbátù. "Mi ò lè kọ lẹ́tà yẹn lọ́dún yìí. Bí mo bá ní o máa ń ṣe ohun tí a ní kí o ṣe, irọ́ ni mo pa."

Ó bú sẹ́kún. Tíṣà jẹ́ kó sun ún tán, ó wá na kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ sí i.

"A ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ yìí lọ́dún tó ń bọ̀. Jìmí mọ̀ ọ́n yí, àmọ́ mi ò tíì mọ ohun tí yóò ṣe lọ́jọ́ tó bá ṣàṣìṣe. Tìẹ, mo ti mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi ọgbọ́n orí yín gé àṣẹ sí méjì. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ tètè jẹ́wọ́. Ẹ ó pàdánù nǹkan níbẹ̀, Mùjíbátù pàdánù ọdún kan gbáko, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́wọ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó rí i ni ayé ń gbẹ́kẹ̀ lé.